Insafu Onítíkẹ́ẹ̀tì àti Páálí Oògùn Méje

Bí ẹ bá gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lẹ́nu ọ̀nà yín ládùúgbò wa, tí kì í ṣe ìkúùkù èèyàn ló ń dún bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ igi gbígbẹ, ẹ tètè lọ kó oògùn yín pamọ́. Insafu ti dé nìyẹn.

Ẹ̀rín ni mo fi ń sọ ọ́, àmọ́ inú mi ò tíì rọ̀. Odidi páálí oògùn inú rírun mi, tí káàdì méjì ṣì wà nínú ẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, ni obìnrin yẹn gbé sábíyá lọ, nígbà tí mo wà ní ilé ìdáná tí mò ń se kọfí fún un. Kọfí tèmi náà ló mu tán kó tó lọ o! Nígbà tí mo bá a délé, ó wojú mi, ó ní, "Ìyá Habibu, ṣé inú ń run ẹ́ báyìí?"

Mo ní, "Rárá, kò run mí lónìí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí lo wá fẹ́ fi oògùn ṣe?"

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń gbé Alẹkisandiria. Ọkọ mi ló wá kàwé níbí, ó kàwé tán, atẹ́gùn òkun ti wọ̀ ọ́ lára, a ò padà sí Ìlọrin mọ́. Ìsàlẹ̀ wa gan-an ni Insafu ń gbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi já tíkẹ́ẹ̀tì nínú tráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro. Pátákó kékeré kan ni wọ́n fi ń há tíkẹ́ẹ̀tì níbí, wọn á máa fi bírò lù ú kọ́-kọ́-kọ́, káwọn èrò tó ń díbọ́n pé àwọn ń sùn lè lajú kí wọ́n sanwó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kó dá pátákó àti báàgì aláwọ padà. Ó ní wọ́n ti sọnù. Báàgì ọ̀hún ló ń gbé kọ́rùn kiri títí dòní, pátákó ọ̀hún náà ló sì fi ń kan ilẹ̀kùn wa.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú, oògùn àtọ̀gbẹ kún dúrọ́ọ̀ kan fọ́fọ́. Ó kó o lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa, níbi tí wọ́n ti ń fi owó táṣẹ́rẹ́ wo àwọn tí ò rí já jẹ. Ọkùnrin tó wà níwájú ẹ̀ lórí ìlà, oògùn yẹn gan-an ló ń bèèrè, wọ́n sì ti ní kò sí, kó máa lọ. Ọkùnrin náà ti yíjú padà pẹ̀lú ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ kí Insafu tó fa aṣọ ẹ̀ mú. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti jẹ́ ká sinmi.

Kì í bèèrè bóyá ẹ ní oògùn tẹ́ ò lò mọ́. Bẹ́ ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, ọwọ́ á ti nà sí yín: "Tíkẹ́ẹ̀tì!" Ohun tó ń sọ nìyẹn. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ nínú ilé kan, kì í lọ bèèrè oògùn òkú kí ogójì ọjọ́ tó pé. Ó ní òun náà nítìjú. Àmọ́ ọjọ́ kọkànlélógójì, kí oòrùn tó ràn dáadáa, pátákó ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tó bá kí àgbàlagbà kan láàárín ìgboro pé, "Báwo lara?", onítọ̀hún á la ìka márààrún sí i kíákíá, kí ojú burúkú má báa wọ ara òun. Insafu á ní, "Ẹ má fìka hàn mí, oògùn ni kẹ́ ẹ fi hàn mí."

Dókítà Irini nìkan ni ò bẹ̀rù ẹ̀. Irini ló ń yẹ oògùn wò ní ilé ìtọ́jú yẹn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, inú ọgbà mọ́ṣáláṣí ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láì gbowó, ojú ẹ̀ le bí òkúta. Insafu ti búra fún un pé hóró oògùn kan ò ní dé ẹnu ẹnikẹ́ni kó tó kọjá lójú Irini. Ìjà wọn ò sì tán láéláé, torí àlùmọ́gàjí. Àwọn ará ibí ní ìwà kan: wọn ò lè rí káàdì oògùn kí wọ́n fi sílẹ̀ lódindi. Wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé e, èyí fún àpamọ́wọ́, èyí fún àǹtí tí orí ń fọ́, èyí fún aládùúgbò òkè. Ibi tí wọ́n sì ń gé sọnù ṣáá ni wọ́n tẹ déètì sí. Irini á gbé e sókè, á wò ó síwá sẹ́yìn, á sọ ọ́ sínú garawa.

"Dókítà! Oògùn gidi ni o!"

"Déètì ẹ̀ dà, màmá?"

"Ẹni tó fún mi ní kò tíì pẹ́."

"Ẹni tó fún yín kọ́ ló máa gbé e mì."

Insafu á bú u títí, á ní ojú ẹ̀ le ju ti ìnsípẹ́kítọ̀ tráàmù lọ. Lọ́jọ́ kejì, á tún gbé òmíràn wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Badiriya. Ọkọ Badiriya ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa, abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbé, òun ló sì ń fọ àtẹ̀gùn àjà márààrún. Ọkàn ẹ̀ kì í lù bó ṣe yẹ: á sáré, á dúró bí ẹni ń ronú, á tún sáré. Oògùn aláwọ̀ ìyeyè kékeré kan ló ń lò, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé ọjọ́ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Àfi bí oògùn yìí ṣe pòórá nílùú. Kẹ́mísìtì tá a bá bi á gbọn orí. Àwọn tó ní in ní kọ̀rọ̀ ń tà á ní iye tí wọ́n ń ta àgbò iléyá. Ọkọ ẹ̀ wọ ọkọ̀ dé ìlú Damanhuri, ọwọ́ òfo ló gbé bọ̀. Irini fa dúrọ́ọ̀ ilé ìtọ́jú jáde fún wa, kò sí nǹkan nínú ẹ̀ ju rọ́bà tí wọ́n fi ń di ìwé.

Ohun tí Badiriya ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹyọ kan lójúmọ́ dípò méjì, kò sì sọ fún ọkọ ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, mo bá a lórí àtẹ̀gùn àjà kẹta, ó jókòó gbágbáágbá, àkísà lọ́wọ́, ètè ẹ̀ ti dúdú.

"Mo kàn ń sinmi ni, ìyá Habibu."

"Ìsinmi wo? Yéè! Ẹ gbà mí o!"

Insafu gbọ́ igbe mi, ó sáré gòkè wá. A fọwọ́ sí Badiriya lábíyá méjèèjì, a gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ síbùsùn. Níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé hóró mẹ́sàn-án péré ló kù. Insafu fa pátákó ẹ̀ yọ. Ó ń fi pátákó lu itan ara ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbà tó yá, ó ní, "Àjà kẹrin."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Wagidi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń gbé àjà kẹrin. Àìsàn ọkàn yìí kan náà ló pa ìyàwó ẹ̀, Kausara, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ wọn ọkùnrin wà ní Kuwéètì, òun ló ń fi oògùn ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀, páálí lórí páálí. Páálí méje ló ṣẹ́ kù nígbà tí ìyá kú. Insafu ti gòkè lọ lọ́jọ́ kọkànlélógójì. Ọ̀gá Wagidi fún un ní kọfí, ó fún un ní oògùn ojú, ó fún un ní oògùn eékún tara ẹ̀. Nígbà tó kan páálí méje yẹn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Kausara ò tíì lò ó tán." Insafu tí ò bẹ̀rù ìnsípẹ́kítọ̀ dìde, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó jáde. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó jáde nílé èèyàn láì janpata nìyẹn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní pálọ̀ ni Ọ̀gá Wagidi to páálí náà sí, láàárín àwọn ife ìgbéyàwó.

Ẹ jẹ́ n sọ irú èèyàn tí Ọ̀gá Wagidi jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa ní Ìlọrin, bẹ́ ẹ bá bá ẹni tó ń jẹun, tó ní, "Ẹ wá jẹun," "Á gba ibi ire" lẹ máa fi dá a lóhùn. Ẹni tó bá fa àga, tó ṣanwọ́, tó kó òkèlè, wọ́n á fojú bó o. Ti ibí yìí le ju tiwa lọ. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá yìn lára èèyàn tàbí nínú ilé ẹ̀, àfi kó ní, "Tiyín ni, ẹ máa mú un." Ẹ̀yin náà ẹ ní láti fèsì pé, "Ọwọ́ yín ló yẹ." Ó parí. Kò sẹ́ni tó ń fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Awakọ̀ takisí á ní kẹ́ ẹ má sanwó. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ máa lọ lóòótọ́, kẹ́ ẹ wá gbọ́ èébú tó máa kan ìran yín.

Nínú nǹkan yìí, Ọ̀gá Wagidi ni baba. Ó pàdé adájọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà tráàmù lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọlé." Adájọ́ ní, "Ó tì o, ẹ̀yin ni." Tráàmù gbéra, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ sí ibùdókọ̀, wọ́n ṣì ń tẹríba fúnra wọn.

"Ìyá Habibu," ni Insafu wí, "wọ híjáàbù ẹ."

"Èmi? Kí ni tèmi níbẹ̀?"

"Opó ò lè dá wọlé ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ kú. Kí làwọn èèyàn máa wí?"

"Wọ́n á ní ẹ lọ jalè."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú ẹlẹ́rìí dání."

A gòkè. Ọ̀gá Wagidi fúnra ẹ̀ ló gbé kọfí wá, ó wọ kóòtù lé jalabíà. Insafu jókòó kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, báàgì lórí itan. Ó fẹnu kan kọfí, ó ní, "Ọ̀gá Wagidi, ife yìí mà dára o."

"Tiyín ni, ẹ máa mú un."

"Ọwọ́ yín ló yẹ. Aago ara ògiri yẹn ńkọ́? Àràbà aago!"

"Tiyín ni, ẹ máa mú un."

"Ọwọ́ yín ló yẹ. Kọ́tìnì yìí náà dára."

"Tiyín ni, ẹ máa mú un."

Ó yin tábìlì. Ó yin kóòtù ọrùn ẹ̀. Ó yin àtẹ kọfí. Bó ṣe ń yára ni ọ̀gá ń yára, tìrẹ́-tìrẹ́-tìrẹ́, èmi ti ń làágùn lábẹ́ híjáàbù. Ó wá fi ohùn kan náà sọ pé, "Àwọn páálí yẹn náà, bẹ́ ẹ ṣe tò wọ́n, wọ́n mà dára o."

"Tiyín ni, ẹ máa mú—"

Ó fọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Insafu ti dìde. "Kí Ọlọ́run san yín lẹ́san rere."

Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù le díẹ̀. Ó fà á, kò ṣí. Ẹ máa rò pé inú ọ̀gá á dùn. Ọkùnrin yìí ò lè wo obìnrin kó máa jà pẹ̀lú ilẹ̀kùn! Ó rìn wá, ó ní, "Ẹ forí jì mí," ó bá a ṣí i. Insafu kó páálí méjèèje sínú báàgì. Ọ̀gá sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ bù kún ilé wa." Ohùn tó fi sọ ọ́, mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ mọ́.

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti sọ tẹnu mi. "Ẹ̀gbọ́n, olè lẹ jà yìí."

"Mo mọ̀."

"Nǹkan ìyàwó ẹ̀ ni!"

"Mo ní mo mọ̀!" Ó pariwo mọ́ mi, ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Oògùn ọkọ tèmi náà, ṣé o rò pé ó rọrùn fún mi láti kó o jáde nílé ni? Ẹni tó ń kú lọ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Gbé ẹsẹ̀ ẹ!"

Ìtìjú bá mi. Mo gbé ẹsẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a wà nílé ìtọ́jú. Irini ti ní ká ránṣẹ́ pe Badiriya, ó ti to páálí méjèèje sórí tábìlì, inú ẹ̀ ń dùn, torí kò sí èyí tí àlùmọ́gàjí kàn. Ibẹ̀ la wà tí Ọ̀gá Wagidi fi wọlé. Ó wọ súùtù, ó so táì, ó kun bàtà. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ó parí, ọlọ́pàá ló kàn.

Àmọ́ ọkùnrin tó ti ní "Tiyín ni," báwo ló ṣe máa ní, "Ẹ dá a padà"? Ẹnu ẹ̀ ò gbà á. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bèèrè àlàáfíà ilé Irini. Ó wá wo tábìlì, ó ní, "Dókítà, àwọn páálí yìí mà dára o."

Ẹ ò rí ọgbọ́n! Irini tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé sì la ẹnu: "Tiyín ni, ẹ máa—"

Insafu tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Yéè!"

"Ó ní òótọ́ lẹ wí, wọ́n dára," ni Insafu dáhùn. "Kí Ọlọ́run máa bá wa ṣọ́ ojú yín tó ríran."

Ọ̀gá sún mọ́ tábìlì. "Wọ́n dára gan-an ni, dókítà. Pàápàá àwọ̀ wọn."

Irini wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó wo Insafu, ó pa ẹnu dé. "Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni Insafu wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yìn ín, kò sẹ́ni tó fún un ní èsì tó wá gbà. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn, ọwọ́ lórí orúnkún. Ẹ̀rín ń pa mí, àánú ń ṣe mí, mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣe.

Ìgbà náà ni Badiriya wọlé, tó di ògiri mú. Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá Wagidi ló jókòó sí, kó lè mí. Kò mọ oògùn ta ni wọ́n fẹ́ fún un. Ó kí i, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ forí jì mí, mi ò lè fọ ẹnu ọ̀nà yín lánàá." Ọ̀gá Wagidi wo ètè ẹ̀. Ó ti rí irú ètè bẹ́ẹ̀ rí nílé ara ẹ̀.

Irini pe Badiriya wá sídìí tábìlì. "Màmá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí mo bá ṣe kà á gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́." Ó yí páálí padà. "Ẹnì kan tún fi bírò kọ nǹkan sí i." Ó kà á sókè: "'Lẹ́yìn oúnjẹ, Wagidi, kì í ṣe ṣáájú!'"

Ó yí òmíràn padà. Nǹkan kan náà. Méjèèje pátá.

Ọ̀gá Wagidi ló sọ̀rọ̀, bírò ẹnu àpò ẹ̀ ló ń fọwọ́ pa. "Kausara ló kọ ọ́. Èmi ni mo máa ń gbé oògùn fún un. Ọdún mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàgbé, ojoojúmọ́ ló ń bá mi jà." Ó dìde, ó tún táì ẹ̀ ṣe, ó kó páálí méjèèje, ó gbé e lé Badiriya lọ́wọ́. "Tiyín ni, ẹ máa mú un."

Badiriya wo ojú wa. Kò mọ èsì tó yẹ. Insafu ní, "Gbà á, jàre, tọkàntọkàn ni tòní."

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gá dé kó tó yíjú padà. "Tí ọ̀kan bá ti tán, ẹ jọ̀ọ́, páálí òfo ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi gbé gòkè wá."

Ṣé ẹ rí i, Badiriya ò mọ̀wé kà. Irini sì ti ní bí òun ṣe kà á gẹ́lẹ́ ni kó ṣe é. Láràárọ̀, bó bá jẹ ẹ̀wà tán, tó ju hóró oògùn sẹ́nu, á gbé ohùn sókè lábẹ́ àtẹ̀gùn: "Lẹ́yìn oúnjẹ, Wagidi, kì í ṣe ṣáájú!" Á wá fi omi gbé e mì. Lálẹ́, bẹ́ẹ̀ náà. Àtẹ̀gùn wa ń gbóhùn, ó ń dé àjà karùn-ún. Ìyàwó ẹ̀ṣọ́ ń pe ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù lórúkọ gbàgà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́!

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá gbọ́ ọ, ó ń ti ọ̀nà búrẹ́dì bọ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kejì pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, àwọn èèyàn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ọkùnrin tí kì í jókòó bí ẹnì kan bá ṣì dúró. Láti ọjọ́ yẹn, aago tí Badiriya bá ń jẹun ni Ọ̀gá Wagidi máa ń rántí pé òun fẹ́ ra búrẹ́dì. Mo ní ká sọ fún Badiriya pé ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lára oògùn. Insafu ní, "Dán an wò, kí n gé ahọ́n ẹ."

Ara Badiriya mókun. Ètè ẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Àmọ́ oògùn kì í so bí èso. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni páálí kan ń tán, Badiriya á gbé òfo gòkè, Ọ̀gá Wagidi á fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù láàárín àwọn ife. Nígbà tí páálí kẹfà gòkè, Insafu ò sùn dáadáa mọ́. Oògùn yẹn ò tíì padà sílùú. Ó ti lu gbogbo ilẹ̀kùn tó wà létí òkun, pátákó ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ là sí méjì.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Wagidi sọ̀ kalẹ̀ wá kí i. Wọ́n tún pè mí wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó jókòó, ó mu kọfí. Ó ní, "Kọfí yín dára." Insafu ní, "Ẹ mu ún ní àmután." Ó ní, "Tìmùtìmù yìí dára." Insafu ní, "Tiyín ni, ẹ máa mú un." "Ọwọ́ yín ló yẹ. Rédíò yẹn náà dára."

"Tiyín ni, ẹ máa mú un."

"Ọwọ́ yín ló yẹ. Báàgì aláwọ yẹn mà dára o."

"Tiyín ni, ẹ máa mú un."

"Kí Ọlọ́run san yín lẹ́san rere," ni ọ̀gá wí. Ó dìde, ó gbé báàgì kọ́rùn, pátákó nínú ẹ̀, ó tẹríba fún wa, ó jáde.

Ẹnu Insafu ò lè pa dé. Èmi rẹ́rìn-ín títí mo fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ oúnjẹ. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mi ló gbé kọ́rùn lọ! Ìyá Habibu, o jókòó, o ń wò ó!" Mo ní ẹlẹ́rìí ni wọ́n pè mí, wọn ò pè mí ní ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà tèmi. Kọ́-kọ́-kọ́. Mo ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá Wagidi ló dúró níbẹ̀, súùtù lọ́rùn, báàgì lórí súùtù, pátákó lọ́wọ́. Ojú tì í díẹ̀, àmọ́ ó nawọ́.

"Tíkẹ́ẹ̀tì," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ta ló lè kọ̀ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Ilé márùn-ún ló ti lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, báàgì náà ti wú bí ikùn aboyún. Oògùn inú rírun mi tuntun wọ inú ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Insafu, torí òun ò lè dá wọlé opó.

Ó tú báàgì sórí tábìlì Insafu. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀, páálí mẹ́wàá wà nínú láílọ́ọ̀nù, oògùn aláwọ̀ ìyeyè, tuntun, ẹnì kan tó ti Kuwéètì bọ̀ ló gbé e wá. Insafu gbé ọwọ́ lé àyà.

"Kí lẹ sọ fún ọmọ yín?"

"Mo ní oògùn ìyá ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán."

"Kí ló wá wí?"

"Ó dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, 'Bàbá mi, páálí mélòó?'"

Insafu yíjú sí ògiri. Mo rí i pé ó ń fi etí gèlè nu ojú.

Irini yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. A gbé e fún Badiriya. Obìnrin yìí yí páálí síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó dá a padà fún wa. "Èyí kọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ lára ẹ̀. Bí oògùn ò bá ní ọ̀rọ̀, báwo ló ṣe máa ṣiṣẹ́?"

Mo la ẹnu, Insafu fún mi ní ìgbọ̀nwọ́ níhà. Ọ̀gá Wagidi fa bírò yọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó to páálí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí itan. Ó wo Badiriya, ó ní, "Ẹ pè é kí n kọ ọ́."

Badiriya pè é. Ó kọ ọ́ sára gbogbo wọn. Mo yọjú wò ó láti ẹ̀yìn: ó kọ orúkọ ara ẹ̀ pé ṣánṣán, ó sì fi àmì ìyanu sí ìparí tìbínú-tìbínú, bí ìyàwó ẹ̀ ti máa ń fi sí i.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, Insafu gbé báàgì ẹ̀ kọ́rùn padà, ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ó wá a títí.

"Ọ̀gá Wagidi, pátákó mi dà?"

"Ẹ ní kí n máa mú un. Báàgì ni mo dá padà, torí ó wúwo." Ó dìde, ó gbọn kóòtù ẹ̀. "Pátákó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí òfo. Bó bá wù yín, ẹ wá yìn ín."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ. Insafu dúró, ó ń wo ẹ̀yìn ẹ̀ títí ó fi dé àjà kẹrin, tí ilẹ̀kùn dún. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìyá Habibu," ló wí, "wọ híjáàbù ẹ."